Orin tí a Ṣẹ̀dá fún Ẹgbẹ́ Afunfèrè, àti Ibi tí a ti Rí i

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fi ọ̀rọ̀ orin lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí a má ṣe sọ ti dùùrù tàbí ti akọrin, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ yóò sọ ìyẹn. Ti ẹgbẹ́ afunfèrè ni kí a sọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní báǹdì.

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ báǹdì. Òun ni ó ń ṣáájú òkú ẹni ńlá lọ sí ibojì. Òun ni ó ń ṣáájú ìyàwó. Òun sì ni àwọn ọmọ Boys' Brigade ń tẹ̀lé ní ọjọ́ ayẹyẹ, tí àwọn ọmọdé àdúgbò ń sá tẹ̀lé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè pé, orin wo ni a dìídì ṣe fún báǹdì, tí kì í ṣe èyí tí ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa yóò dákẹ́. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ orin àwọn ológun sílẹ̀ ní Kneller Hall ní ọdún 1857, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ohun tí báǹdì sábà máa ń fun nígbà tí kò bá sí ìrìn ẹsẹ̀ ni orin tí a ti kọ fún gòjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a wá gé, tí a tún rán, kí ó lè bá fèrè mu. Aṣọ àlòkù ni. Ó bo ara, ṣùgbọ́n a kò wọn ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kí a tó rán an.

Kí a má baà gbàgbé àwọn tí ó ṣáájú: Handel ṣe orin fún iná àríyá ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1749, nígbà tí a ń yọ̀ fún àlàáfíà tí a ṣe ní ọdún tí ó ṣáájú, ọba sì ti sọ pé ohun èlò ológun ni òun ń fẹ́, òun kò fẹ́ gòjé. Berlioz, ará Faransé, ṣe orin ńlá kan ní ọdún 1840 fún àwọn tí ó kú nínú ìrúkèrúdò ọdún 1830, nígbà tí a ń gbé egungun wọn lọ sí abẹ́ òpó ìrántí tuntun. Òun tìkára rẹ̀ ni ó sì darí àwọn afunpè bí wọ́n ti ń rìn já ìgboro Paris. Ìta gbangba ni a ti gbọ́ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ilé báǹdì. Ṣùgbọ́n irú orin bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tí a fẹ́ kọ́kọ́ dúró lé lórí ni Gustav Holst. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilé ìjọsìn: òun ni ó ṣe ohùn fún orin Kérésìmesì tí Christina Rossetti kọ nípa àkókò òtútù líle, ohùn tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé orin The English Hymnal ní ọdún 1906. Ó sọ ohùn náà ní Cranham, ní orúkọ abúlé kan ní Gloucestershire. Dùùrù ni a fẹ́ kí ó fi ṣe iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n àìsàn iṣan mú un ní apá, ó sì yà sí trombone, ìpè gbọọrọ tí a ń fà síwá tí a ń fà sẹ́yìn. Ọdún púpọ̀ ni ó fi fun un kí ó lè rí oúnjẹ òòjọ́, nínú ilé eré, àti nínú báǹdì tí ń dá àwọn ènìyàn lára yá ní etí òkun. Nítorí náà, nígbà tí ó jókòó láti kọ orin fún àwọn afunpè, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí òkè tí ń wò wọ́n ní ìsàlẹ̀. Ó mọ bí ètè ti ń ro afunpè, ó sì mọ ibi tí ó ti yẹ kí ó mí.

Ní ọdún 1909 ni ó kọ Suite rẹ̀ kìn-ín-ní. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ṣe orin yìí, nítorí ó yani lẹ́nu. Ohùn kékeré kan ni ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n mẹ́jọ péré. Àwọn ìpè ńlá tí ohùn wọn wà ní ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde, ní jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tí ń bá wọn gbè é. Lẹ́yìn èyí ohùn náà kò tún dákẹ́ mọ́ títí abala kìn-ín-ní fi parí: ó ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, nígbà mìíràn ní òkè, nígbà mìíràn ní ìsàlẹ̀, títí Holst fi dojú rẹ̀ dé pátápátá, tí ohun tí ń gòkè sì ń sọ̀kalẹ̀. Nínú ohùn kan náà ni abala kejì àti ẹ̀kẹta ti hù jáde. Nítorí èyí ni ó ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí a fun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra láìdúró. Kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún un, àní kò fi orin ìbílẹ̀ kankan sí i. Ó kàn fẹ́ fi hàn pé ohun tí àwọn baba ńlá onímọ̀ orin máa ń fi dùùrù àti gòjé rò, báǹdì lè rò ó pẹ̀lú. Síbẹ̀, ọdún 1920 ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a rí pé a fun un, ní Kneller Hall. Ọdún mọ́kànlá ni.

Suite kejì, ti ọdún 1911, yàtọ̀. Orin àwọn ará oko ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí Dókítà George Gardiner ti rìn láti abúlé dé abúlé láti gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, púpọ̀ nínú wọn ní Hampshire. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ dàrú nítorí pé a rán olùfẹ́ rẹ̀ lọ sí òkun; òmíràn jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, a sì ń lu irin gidi nínú rẹ̀. Abala tí ó kẹ́yìn jẹ́ orin ijó kan tí ń yí po bí ọmọdé tí ń ṣeré òṣùpá, tí Holst sì fi orin àtijọ́ mìíràn, Greensleeves, gùn lé e lẹ́yìn láìba ọ̀kan jẹ́ nínú méjèèjì. Ní ọdún 1913 ó mú abala yìí, ó tún un ṣe fún gòjé àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣàkíyèsí: ní ọjọ́ náà, gòjé ni ó wá yá aṣọ báǹdì wọ̀. Inú wa máa ń dùn nígbàkúùgbà tí a bá rántí rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù ti Holst tí a kò gbọdọ̀ fò. Ní ọdún 1930, BBC bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ orin fún báǹdì wọn, ó sì kọ èyí tí ó pè ní Hammersmith, orúkọ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún púpọ̀. Odò Thames ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Odò náà ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ tí ń lọ, tí kò yára, tí kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Lójijì ọjà ṣí, èrò dé, ẹ̀rín, ariwo, ìtì-síhìn-ín ìtì-sọ́hùn-ún. Imogen ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́rìí pé obìnrin sísanra kan tí ń ta èso wà lára ohun tí bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn, ẹni tí ó máa ń pè é ní àyànfẹ́ nígbàkúùgbà tí ó bá wá ra ọsàn. Nígbà tí ariwo bá sì rẹlẹ̀, odò ṣì ń lọ ní ìsàlẹ̀ bí ó ti wà. Báǹdì tí a kọ ọ́ fún kò fun un fún gbogbo ènìyàn gbọ́. A fun un ní Washington ní ọdún 1932, lẹ́yìn èyí ó sùn sínú àpótí. Holst kú ní ọdún 1934. Ó di ọdún 1954 kí báǹdì tó tún gbé e jáde.

Ọ̀rẹ́ Holst tímọ́tímọ́ ni Ralph Vaughan Williams, ọmọ àlùfáà ìjọ Down Ampney. Òun ni àlùfáà Percy Dearmer pè ní ọdún 1904 láti ṣe alábòójútó ohùn orin nínú The English Hymnal tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohùn tí a ń kọ nínú ìjọ nígbà náà ti rọ̀ jù, kò ní egungun. Nítorí náà ó gba ọ̀nà oko lọ. Ní oṣù December ọdún 1903 ó ti gbọ́ orin kan lẹ́nu àgbàlagbà kan ní abúlé Forest Green ní Surrey, orin nípa ọ̀dọ́mọkùnrin atúlẹ̀ kan àti àlá tí ó lá. Kì í ṣe orin ìjọ. Vaughan Williams mú ohùn náà, ó fi í fún orin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú kékeré. Títí di òní olónìí ohùn atúlẹ̀ náà ni ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ ọ́ ní alẹ́ Kérésìmesì. A kò tíì gbọ́ pé ó ba ìsìn ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ohun tí ó ṣe fún ìjọ ni ó ṣe fún báǹdì nígbà tí ogun ńlá ti parí, ogun tí òun tìkára rẹ̀ ti gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù July ọdún 1923 ni a kọ́kọ́ fun English Folk Song Suite rẹ̀ ní Kneller Hall, orin abúlé ní ẹnu fèrè àwọn ọmọ ogun. Ó rọrùn láti fun, ó sì dùn létí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí ìrọ̀rùn yìí, ṣùgbọ́n àwa kò sí lára wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà ní ilẹ̀ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Àwọn baba wa nínú ìjọ Anglican bá irú ìbéèrè kan náà pàdé. Wọ́n gba ohùn orin ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí. Nígbà tí ohùn bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, ọ̀rẹ́ á di ọrẹ, ọrẹ á sì di ọ̀rẹ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kò dúró lórí àròyé. Ó ṣe orin ìyìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, a sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1953. Ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni pé a kò gbọdọ̀ yí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ padà kí ó lè bá ìwé mu. Ẹ mú èyí lọ́wọ́ bí a ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn, nítorí ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún.

Percy Grainger ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Australia, tí a bí ní Melbourne ní ọdún 1882. Ní ọdún 1905 ó lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Brigg, ní Lincolnshire, níbi tí a ti ń ṣe ìdíje orin, tí a sì ti ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ orin àtijọ́ kọ jù. Àgbàlagbà kan, Joseph Taylor, ni ó gba ẹ̀bùn kìn-ín-ní. Alábòójútó iṣẹ́ lórí ilẹ̀ olówó kan ni, ó sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ abúlé rẹ̀, Saxby All Saints, fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀yin akọrin wa, ẹgbẹ́ yín ni. Grainger bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé kálámù kò tó. Àgbà kan kì í kọ ẹsẹ kejì bí ó ti kọ ẹsẹ kìn-ín-ní. Á fa ohùn kan gùn níhìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ wúwo, á gé òmíràn kúrú lọ́hùn-ún, ìlù inú orin á sì máa yí padà bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn lójú ọ̀nà olókùúta. Ní ọdún 1906 ó gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sórí ìda lọ bá wọn. Àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, àwọn mìíràn sì ka ìyípadà wọ̀nyí sí àṣìṣe arúgbó. Grainger ní àṣìṣe kọ́; ibẹ̀ ni orin gan-an wà.

Ọ̀gbẹ́ni Deane wà lára àwọn tí ó gbọ́. Ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn aláìní ní Brigg ni Grainger ti bá a ní ọdún 1905. Ó bẹ̀rẹ̀ orin nípa atukọ̀ kan tí ń dágbére fún olùfẹ́ rẹ̀. Kí ó tó kọ ọ́ jìnnà, omijé dé, ọkàn rẹ̀ kò lè gbà á, obìnrin tí ń ṣe olórí ilé náà sì ní kí a dẹ́kun. Ní ìgbà kejì Grainger padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó wí lẹ́yìn náà pé òun ti rò ó nínú ara òun pé, bí bàbá náà yóò bá kú, ó sàn kí ó kú pẹ̀lú orin lẹ́nu ju kí ó kú láìkọ ọ́. A kò mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀yin àlùfáà ni yóò fọwọ́ sí ìrònú yìí. Ṣùgbọ́n Deane ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọgbẹ́ ńlá wà ní orí rẹ̀, ó ní òun kò lágbára láti kọrin. Grainger kò rọ̀ ọ́. Ó kàn ní kí ó gbọ́ ohùn àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tí ó ti wà lórí ìda. Kò tíì gbọ́ ìdajì ọ̀kan tán nígbà tí ó sọ pé òun yóò kọ ọ́. A gbé ẹ̀rọ náà ka orí ibùsùn rẹ̀, ó kọrin, láàrin ẹsẹ kejì àti ẹ̀kẹta ó sì sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà pé ó ń dùn mọ́ òun.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí kí Grainger tó san gbèsè àwọn àgbà wọ̀nyí tán. Láàrin àkókò náà ó ti di ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ọdún 1917, ó fun oboe àti saxophone nínú báǹdì wọn, ó sì wá gbà gbọ́ pé kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè sọ ohun ìjìnlẹ̀ ọkàn bí báǹdì. Ní ọdún 1937 ó kó orin mẹ́fà jọ, ó pè wọ́n ní Lincolnshire Posy, ìdì òdòdó láti Lincolnshire, ó sì ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó kọrin fún un. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe orin nìkan ni òun yàwòrán, bí kò ṣe ẹni tí ó kọ ọ́: bí ó ti ń mí, bí ó ti le tàbí tí ó rọ̀, ibi tí ó ti ń sáré àti ibi tí ó ti ń dúró. Orin Deane ni ó ṣí i. Orin tí Taylor fún un, ti àwọn tí ń wọ igbó olówó lọ pa ẹran lóru, wà nínú rẹ̀, ó sì ṣókùnkùn bí òru náà. Nínú orin ogun kan, tí a gbọ́ lẹ́nu àgbà mìíràn, ó ju ìwọ̀n sọnù pátápátá; olùdarí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ti gùn tó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni arúgbó náà ṣe kọ ọ́.

Ní Milwaukee, ní oṣù March ọdún 1937, níwájú àwọn olùdarí báǹdì Amẹ́ríkà, a kò lè fun gbogbo rẹ̀ tán. Ó le jù fún àwọn afunfèrè náà. Àwọn ohun tí àgbà oko wọ̀nyí ń kọ láìwo ìwé ni àwọn tí ó mọ ìwé kò lè kà. Lónìí, báǹdì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń fun un ní ibi púpọ̀. Taylor ti kú ní ọdún 1910, kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ti jáde nínú àwo giramafóònù láti ọdún 1908, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ lè fi wé ohun tí fèrè ń wí.

Kí a tó jókòó, ẹ gbà wá láyè fún ọ̀kan sí i, nítorí orin ìjọ ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin àlùfáà mọ Jan Hus, ará Bohemia, ẹni tí a dáná sun ní ọdún 1415. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní orin kan tí wọ́n ń kọ lọ sí ogun, tí ń pe ara wọn ní jagunjagun Ọlọ́run. Ní oṣù August ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Soviet àti ti àwọn alájọṣe wọn wọ Prague lóru. Karel Husa, ọmọ bíbí Prague tí ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́ ọ lórí rédíò ní ilé rẹ̀ ní etí adágún. Báǹdì ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ithaca ti bẹ̀ ẹ́ fún orin. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti kọ ọ́, ó pè é ní Music for Prague 1968, a sì fun un ní Washington ní oṣù January ọdún 1969. Fèrè tí ó kéré jù ni ó bẹ̀rẹ̀, òun nìkan, bí ẹyẹ tí ó lómìnira. Lábẹ́ rẹ̀ ìlù ńlá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ orin àwọn ọmọlẹ́yìn Hus, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ń bẹ̀rù kí a má gbọ́ òun. Agogo àwọn ilé-ìjọsìn Prague wà nínú rẹ̀, àti ìró ìpè bí ìgbà tí a ń kìlọ̀ ewu. Ní ìparí, gbogbo báǹdì kó orin náà pọ̀ ní ohùn kan ṣoṣo.

Ìjọba tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀ nígbà náà kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìjọba náà ṣubú ní òpin ọdún 1989. Ní ọdún 1990, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, Husa padà sí Prague, ó sì darí rẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú ẹ̀dà tí òun tìkára rẹ̀ ti tún ṣe fún àwọn onígòjé.